Wáyà Fídíò Olókùn Méjì

Ìyàwó mi kò fẹ́ràn kí ohùn rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Bí àwọn ọmọ bá na fóònù sí i pé, "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀, ó ń gba ohùn yín sílẹ̀," ńṣe ló máa pa ẹnu dé bí ẹni tí ọlọ́pàá ń bi ní ìbéèrè. Nígbà tó kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a tú inú gbogbo fóònù tó wà nínú ẹbí. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀. Ohùn rẹ̀ kò sí. Fídíò kan ṣoṣo tó wà nínú fóònù ọmọ mi ọkùnrin, ọwọ́ ìyàwó mi nìkan ló wà níbẹ̀, tó ń lé ẹni tó ń yà á.

Ohun tó kù ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìsìnkú ìyá rẹ̀, tí a ṣe ní Ìbíàdé, létí omi lọ́hùn-ún. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyàwó mi dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba máìkì, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́. A ń rí ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń mì. A ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó sọ, torí pé orin ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì náà ti wọ ilé wa. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń tọ́ ọmọ báyìí.

Síbẹ̀, mo ní èrò kan. Kò sí olórin tí kì í mí. Láàrin ẹsẹ kan sí èkejì, á dákẹ́ díẹ̀, á mí, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ní bóyá níbi tó bá ti mí, n óò rí ọ̀rọ̀ kan gbọ́ lábẹ́ rẹ̀. Bó jẹ́ "ẹ ṣé" lásán, ó tó mi.

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo fẹ́ dárúkọ níbí, mo sì mọ orúkọ bàbá wọn. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, tó ń bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ló ní kí n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, torí pé àwọn kan nínú wọn ṣì wà láyé. Mo ní àwọn tó ti kú ńkọ́? Ó ní àwọn yẹn lọ́mọ. Torí náà, kò sí orúkọ.

Iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n títúnṣe ni mo ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fi iná lẹ́ẹ̀dì, èyí tí a fi ń jó wáyà mọ́ irin, ka ìyókù. Kí yunifásítì tó dé, rédíò àwọn àgbẹ̀ Màmú àti Ìlápòrú ni mo ń tún ṣe, èyí tí wọ́n gbé lọ sóko tí eruku kòkó wọ̀ nínú. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kéékèèké dé, wọ́n gbé ẹ̀rọ fídíò dé, wọ́n sì ń sọ wáyà tó so méjèèjì pọ̀ nù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kó láti yàrá kan sí òmíràn. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ọrùn rẹ̀ kì í lágbára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sósì lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tèmi nìyẹn.

Wáyà onírun ni mo máa ń lò. Bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀, ẹ óò rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó yí ká bí irun, lẹ́yìn náà ọ̀rá funfun, lẹ́yìn náà ọmọ wáyà kan ṣoṣo ní àárín gbùngbùn. Ọmọ inú yẹn ló ń gbé àwòrán. Irun tó yí i ká ló ń ṣọ́ ọ kí ariwo ìta má bàa wọlé tọ̀ ọ́. Iṣẹ́ náà kò ju pé kí ẹ ká irun yẹn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ yí i bí ẹni ń yí òwú fìtílà, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ara irin ẹnu wáyà, kí ẹ wá jó ọmọ inú mọ́ ṣóńṣó àárín. Bí fọ́nrán irun kan bá fara kan ọmọ inú, àwòrán kú. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi eyín bó o, tó ní òun ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá.

Ihò mẹ́ta ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ fídíò. Yẹ́lò ni ti àwòrán, funfun àti pupa ni ti ohùn. Wáyà tèmi, okùn méjì péré ló ní: ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún funfun. Mi ò lo pupa. Wọ́n máa ń bá mi jà sí i.

"Bàbá, pupa ńkọ́?"

"Sípíkà mélòó ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ?"

"Ọ̀kan, sà."

"Pupa wá fẹ́ bá ta ni sọ̀rọ̀?"

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó gbọ́n lójú ara rẹ̀, ní ohùn ọ̀tún àti ohùn òsì ni wọ́n dúró fún. Mo ní, "Nígbà tí ìyá rẹ bá ń bá ọ wí, ṣé ọ̀tún ni ohùn rẹ̀ ti ń wá ni àbí òsì?"

Ó rò ó. "Iwájú, sà."

"Máa gbé wáyà rẹ lọ."

Wáyà olókùn méjì náà ló wà nílé wa. Mo ṣe é gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fídíò fi lè wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí tẹlifíṣọ̀n wà lórí tábìlì. Ihò pupa ẹ̀yìn fídíò, mo yọ́ àbẹ́là sí i kí aáyán má bàa yé ẹyin síbẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní ni. Mo máa ń fi han àwọn èèyàn.

Ìgbà tí ìyá ìyàwó mi kú, Ìbíàdé ni a sin ín sí. Ẹni tó ya fídíò náà, ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń wọ bẹ́líìtì méjì. Èmi ni wọ́n fi sídìí jẹnẹrétọ̀. A yá a ni, kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti yọ ọwọ́ lára ṣóòkì báyìí, á wúkọ́, á kú, máìkì inú ṣọ́ọ̀ṣì á kú tẹ̀lé e. Torí náà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà láti orin àkọ́kọ́ dé ìbùkún. Ohun tí mo rí nínú ìsìnkú ìyá ìyàwó mi ni ògiri.

Kásẹ́ẹ̀tì dé lẹ́yìn oṣù kan. A pe àwọn ará ilé jọ ní Àgọ́-Ìwòyè, mo ti wáyà mi bọ ihò, àwòrán sì yọ, ó mọ́ kedere. A rí pósí, a rí ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn kan wá. Nígbà tó kan ìyàwó mi, ó dìde, ó gba máìkì, orin sì ń lọ. Ó sọ̀rọ̀, orin ń lọ. Àwọn èèyàn inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, orin ń lọ. Mo pa á. Mo ránṣẹ́ pe ẹni tó yà á.

Ó dé, ó jókòó sétí àga. Ó ní, "Ọ̀gá, ohùn Màmá wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo gbọ́ ọ nílé kí n tó gbé e wá."

"Nílé rẹ nìyẹn. Èmi ò gbọ́ ọ nílé tèmi."

"Bóyá ẹ̀rọ yín ni, ọ̀gá."

Mo dìde. "Ẹ̀rọ mi? Èmi? Ọjọ́ tí wọ́n ń fi ewúro já ọmú lẹ́nu rẹ, mo ti ń jó lẹ́ẹ̀dì!"

Ìyàwó mi ló bá a bẹ̀ mí. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ìyá mi ti wọlẹ̀. Orin náà kúkú dùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu, torí pé òun ló yẹ kó bínú. Mi ò fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó sọ pé òun ń ṣe ìyàwó tàbí pé òun ń sin òkú, mo máa sọ fún un pé kó má ṣe lo lágbájá, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, oníbẹ́líìtì méjì. Orin ló máa fi pa yín lẹ́nu mọ́. Mo sọ ọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Nígbà tó yá, ó fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó ń ta adìẹ inú yìnyín. Mi ò sọ pé èmi ni mo lé e kúrò nídìí rẹ̀. Mo kàn sọ pé adìẹ ló ń tà.

Mo sì ń bi ìyàwó mi léèrè. Bó bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo lè ní, "Kí lo tilẹ̀ sọ ní Ìbíàdé lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo kí àwọn èèyàn."

"Gbogbo ìgbà yẹn?"

"Wọ́n pọ̀."

Bí mo bá tún bi í lọ́jọ́ mìíràn, á ní, "Ṣé ẹ ò sí níbẹ̀ ni? Áà, ẹ wà lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ẹ lọ bi jẹnẹrétọ̀." Á wá rẹ́rìn-ín wọ ilé ìdáná. Ó sọ ọ́ títí tó fi di ohun tí a ń sọ nílé. Bí ọmọ kan bá béèrè ohun tí kò kàn án, a máa ní kó lọ bi jẹnẹrétọ̀.

Ó wá kú, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti kú ṣáájú rẹ̀. Èyí tí ọmọ mi obìnrin gbé wá fún mi tẹ́ pẹrẹsẹ bí pátákó, sípíkà méjì ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Gbogbo ihò mẹ́ta tí mo mọ̀ ni wọ́n ti sọ di ẹyọ kan lẹ́yìn rẹ̀, ihò kékeré bí èyí tí kòkòrò ń dá sára ẹ̀wà. Ó lọ ra wáyà tó bá a mu ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹnu kékeré kan ló wà lápá kan rẹ̀, ẹnu mẹ́ta lápá kejì. A tì í bọ ihò, àwòrán ń yí bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ohùn ń kùn bí oyin. Mo ní kó pa á kíákíá. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti bu, ó hu funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì mọ irú rẹ̀: ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló kù tó máa ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá já, ó parí, kò sí òmíràn níbì kan.

Mo wo ẹnu kékeré yẹn pẹ̀lú awò ojú mi méjèèjì. Òrùka mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó ṣe tẹlifíṣọ̀n fi àwòrán sórí òrùka kan, ẹni tó ṣe wáyà fi sórí òmíràn. Wọn ò jókòó pọ̀. Mo ní kò burú, n óò ṣe tèmi. Mo gé ẹnu kékeré yẹn kúrò lára wáyà ọjà náà, mo sì mú wáyà onírun tó kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti jó mọ́ òrùka rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n báyìí, torí náà ọmọ mi ló bá mi di wáyà mú, èmi ń fi lẹ́ẹ̀dì kàn án. Ẹ̀rọ fídíò fúnra rẹ̀, mo fi aṣọ funfun tí mo rì sínú ògógóró nu orí rẹ̀. Àwọn àna mi ní Ìbíàdé ló ń fi ògógóró náà ránṣẹ́. Ilé onígbàgbọ́ ni ilé wa, ẹ̀rọ fídíò nìkan ló ń mu ún.

Nígbà tí mo so yẹ́lò, tí mo so funfun, tí mo so irun wọn pọ̀, mo gbé irin lẹ́ẹ̀dì kalẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Pupa ni. A kì í lò ó."

"Ta ni kì í lò ó?"

"Àwa."

"Òrùka mẹ́rin ló wà níbí, Bàbá mi. Mẹ́ta lẹ lò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ṣe báyìí, mo máa dá iṣẹ́ rẹ̀ padà."

"Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ."

"Màmá ìbá ti ní kí ẹ so ó."

Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún gbé irin lẹ́ẹ̀dì. Mo so pupa náà mọ́ òrùka tó kù, kí àlàáfíà lè wà, mo sì fi abẹ́rẹ́ ha àbẹ́là kúrò nínú ihò pupa ẹ̀yìn fídíò. Inú rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mejì la pààrọ̀ òrùka tí wáyà wà lórí rẹ̀, tí a fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe pàtàkì dán an wò. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwòrán dúró. Mo wá fi ti Ìbíàdé sí i.

Orin bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó síwájú, mo tẹ́tí sí ibi tí olórin máa ti mí. Pósí kọjá, ọkọ̀ ojú omi kọjá. Mo ń gbọ́ ọmọ kan tó ń sunkún, mo rò pé ti aládùúgbò ni. Ìyàwó mi dìde lójú fídíò, ó gba máìkì, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́bàá mi lọ́wọ́ ọ̀tún pé, "Ẹ kú ìjókòó o."

Ìlẹ̀kùn ni mo wò. Mo rò pé ó wọlé.

Ọmọ mi ní, "Bàbá."

Sípíkà òsì ń kọrin. Sípíkà ọ̀tún ń sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ fídíò, mo fa ẹnu funfun yọ. Orin dákẹ́. Ó ku inú ṣọ́ọ̀ṣì Ìbíàdé nìkan, ọmọ tó ń sunkún, ìró jẹnẹrétọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, àti òun.

"Ẹ̀yin tí ẹ ti Àgọ́-Ìwòyè wá, mo mọ̀ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, ẹ kú ìrìn, kò ní rẹ̀ yín. Ẹni tó yá ìgèrè ìyá mi, tó sì mọ̀ pé òun ló yá a, kó dá a padà. Òkú ò pẹja mọ́, ṣùgbọ́n àbúrò mi ṣì ń pa á." Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ nígbà tí ọkọ mi ṣì wà níta. Ẹ bá mi ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ti ìlẹ̀kùn náà lóòótọ́, mo gbọ́ ọ.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú un wálé, ìyá mi ní, 'Ọkùnrin tó ń wo wáyà láàárọ̀, tó ń wo wáyà lálẹ́, ìgbà wo ló máa wo ìwọ?' Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí i. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀, tí kò ríran mọ́, ọkùnrin yìí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ wá síbí, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń tún rédíò yín ṣe. Ó ní rédíò tó bàjẹ́ ní Ìbíàdé ló pọ̀ tí òun ò fi lè lọ. Irọ́ ni. Rédíò wo ló bàjẹ́? Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú wọn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ́. "Ó fẹ́ kí ìyá mi máa gbọ́ ìró iṣẹ́, kó lè mọ̀ pé ẹnìkan wà nítòsí. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá dúpẹ́ lójú rẹ̀, á ní kí n bá òun mú súkúrú wá. Ẹ̀yin ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín dípò rẹ̀. Ẹ má sọ fún un o."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn pé, "A ò ní sọ."

Wọn ò sì sọ. Mo ti lọ sí Ìbíàdé ní iye ìgbà tí mi ò lè kà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, mo ti jẹun nílé wọn, mo ti sin òkú mìíràn pẹ̀lú wọn, kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ.

Kì í ṣe gbogbo rédíò náà ni mo tú. Mẹ́rin péré ni.

Ẹni tó ya fídíò náà kò purọ́. Ó fi orin sápá òsì, ó fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì sápá ọ̀tún, bóyá kí ẹni tó ni kásẹ́ẹ̀tì lè yan èyí tó fẹ́. Ọ̀tún ni pupa. Ohùn rẹ̀ wà nínú ilé mi ní gbogbo ìgbà tó fi wà láyé, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, èmi ni mo fi àbẹ́là dí i.

Ọmọ mi nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ óò lọ bẹ aládìẹ yẹn."

"N óò lọ."

"Lọ́la."

"Mo ní n óò lọ."

Lójú fídíò, ìyàwó mi gbé máìkì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó jókòó, ó sì tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ọmọ mi na ọwọ́ sí ẹ̀rọ láti dá a padà sẹ́yìn kí a lè tún gbọ́ ọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó jẹ́ kó máa lọ ná, kásẹ́ẹ̀tì tó ti hu funfun, a kì í fà á sẹ́yìn lójijì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wúkọ́. Ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ jù lẹ́nu ọkùnrin náà, òun náà sì ti kú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí ìyá wọn, ó dé orí àwọn tó bá a lọ sí ilé ìwé, ó ń ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, ó ń mi orí. A jókòó, èmi àti ọmọ mi, a gbọ́ ọ títí ó fi sọ tirẹ̀ tán.